Orúkọ Mọ́kàndínlógún

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ọ̀rá dòdò kan létí títì Ìkirè. Igba náírà ni ife paraga kan ní gáréèjì Àpòmù. Ẹni tí ebi ń pa tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ ti mọ ibi tó máa yà sí. Ṣùgbọ́n dòdò ni Táíwò, awakọ̀ kan láti Àpòmù, rà lọ́jọ́ náà. Ó páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó wọ abẹ́ àtíbàbà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò dìde fún bíi ìdajì wákàtí.

Amatullah ló tà á fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Amatullah. Ó parí ìwé mẹ́wàá ní Ìkirè, ó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, ó yege lẹ́ẹ̀kejì, owó ò sì sí. Ló bá jókòó ti ìyá rẹ̀, Hàmdálàt, nídìí agbada. Iṣẹ́ dòdò Ìkirè kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n débi tí èèyàn ibòmíràn máa gbé e jù sí ààtàn, òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fọ́ ọ mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á rọra máa jù ú sínú epo pupa, títí tó fi máa dúdú bí èédú lójú àlejò, tí kò sì jóná. Ẹni tó bá kánjú, á bà á jẹ́. Amatullah ò kánjú sí nǹkan kan. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀, á máa gbọ́, á máa yí dòdò, kò ní já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi máa ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí náà tí Boaz fi mú un wọ ẹgbẹ́. Boaz, ọmọ tíṣà Áńgílíkà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Ẹ Ṣọ́ra. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn kan wá dá ẹgbẹ́ náà lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn kan n'Ìkirè. Ọ̀dọ́ méjìlá ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ní àgbà ti wàásù títí, ọ̀rọ̀ ò wọlé. Ọ̀dọ́ ló kù tó lè bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ sìgá, ọtí, igbó àti tiramádò. Ìyá kan tó kọ́ wọn lọ́jọ́ kejì sọ ọ̀rọ̀ kan tí Amatullah kọ sílẹ̀: "Ẹni tó bá bá yín sọ̀rọ̀, etí ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fún un ní ìwàásù. Ohun tó bá sì sọ, ikùn yín ni kó gbé." Amatullah ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́.

Táíwò ti gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ yẹn. Ó fi ń ṣeré bọ̀.

"Ìyá Dòdò," ó ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n kọ́ yín kẹ́ ẹ má sọ?"

"Kí la ò ní sọ, Bùọ̀dá Táíwò?"

"Ohun tí èèyàn bá bá yín sọ."

"Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Táíwò jẹ dòdò méjì sí i. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Wóró márùn-ún ni mò ń gbé mì lójúmọ́."

Amatullah mọ wóró tó ń wí: tiramádò ni. Kò pariwo, kò fọwọ́ lérí. Ó yí dòdò tó wà nínú epo. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti gba mọ́tò. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jáde. Tí n ò bá lò ó, ẹ̀yìn á máa ro mí, oorun á máa gbé mi nídìí ọkọ̀. Tí mo bá sì lò ó báyìí, tí agbára rẹ̀ bá tán, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ kí n tó parí owó Alhaji. N ò fẹ́ kí ọkọ̀ jẹ́ tèmi kí èmi má jẹ́ ti ara mi."

Ọkọ̀ yẹn, máíkírà aláwọ̀ eérú ni. Alhaji Ràímì, oníkòkó kan l'Ápòmù, ló rà á, tó gbé e fún Táíwò pé kó máa sanwó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Táíwò á gbé owó lọ sílé Alhaji. Ìwé kankan ò sí láàárín wọn, àwọn àgbà mẹ́ta ló jẹ́rìí sí i. Àdéhùn wọn ò ju méjì lọ: ọ̀sẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ fò, àti pé títí náírà tó gbẹ̀yìn fi máa wọlé, Alhaji ló ni ọkọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni Táíwò ti bẹ̀rẹ̀. Kò fo ọ̀sẹ̀ kan.

Bí òun àti Amatullah ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Amatullah ò fún un lóògùn, kò bá a jà. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa mọ iye rẹ̀." Táíwò ò lè máa dúró nídìí agbada lójoojúmọ́ kí èrò máa wò ó, ló bá dọ́gbọ́n kan. Bó bá ń kọjá nírọ̀lẹ́, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, á na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé. Ìka tó bá nà ni iye wóró tó lò lọ́jọ́ náà. Ìka márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà mẹ́rin. Nígbà tó di ìparí oṣù kọkànlá, méjì. Àwọn èrò ò mọ nǹkan kan, wọ́n rò pé àyè tó kù nínú ọkọ̀ ló ń fi hàn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ na ìka kan, bàbá kan sáré bọ́ sójú títì, ó ń pariwo:

"Awakọ̀! Ẹnìkan yẹn, èmi nìyẹn o! Dúró dè mí!"

Ọkọ̀ ti kún, kódà èrò méjì ló wà níwájú. Bàbá yẹn bú Táíwò títí dé orí ìran. Amatullah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìka kan yẹn ló le jù. Ó dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n fi kọ́ńkéré dè. Ọjọ́ kan Táíwò yà, ó ní, "Mélòó ni mo ti jù sílẹ̀? Mẹ́rin. Ọ̀kan tó kù yìí ń bá mi jà ju gbogbo wọn lọ. Tó o bá kírun, jọ̀ọ́, fi orúkọ mi sí i. Táíwò ọmọ Ẹfúnkẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Amatullah máa gbọ́ orúkọ ìyá Táíwò. L'Ápòmù, kò sẹ́ni tó ń pe ìyá yẹn ní Ẹfúnkẹ́. Ìyá Ìbejì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kẹ́hìndé ò pé oṣù mẹ́sàn-án láyé. Gaàrí ló ń yan. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Táíwò nìkan ló ní.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá, Boaz wá sí àtíbàbà pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàdé àdúrà ńlá fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ní pápá ilé-ìwé kan n'Ìkirè, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì pa pọ̀.

"Akọ̀wé wa," Boaz ní, "bàbá tó máa darí àdúrà ní ká kó orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo nǹkan wá. Orúkọ wọn àti orúkọ ìyá wọn."

"Boaz, wọ́n ní ká má dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Fún èèyàn ni wọ́n ní ká má dárúkọ. Ṣé èèyàn ni Ọlọ́run ni? Inú àpòòwé ló máa wà. Wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n máa gbé ọwọ́ lé e, ó tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Amatullah létí. Lọ́dọ̀ wa níbí, mọ́sálásí o, ṣọ́ọ̀ṣì o, bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa rò pé wọ́n fẹ́ tú òun fó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ránṣẹ́ lórí fóònù: ẹni tí wọ́n rí lẹ́yìn ilé, ẹni tí wọ́n gbọ́ pé ó ń mu, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń sunkún kiri. Orúkọ méjìdínlógún. Amatullah da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé kan.

Ìgbà tó kù ti Táíwò, ó gbé bírò sílẹ̀. Àwọn méjìdínlógún yòókù, ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀ wọn. Eléyìí nìkan ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ìka kan yẹn ló ń rò. Tó bá jẹ́ pé àdúrà ọjọ́ Sátidé yìí ni ìka kan yẹn ń dúró dè ńkọ́? Tí wọ́n bá gbàdúrà fún gbogbo ayé tí òun sì yọ ọ́ sílẹ̀, òun kọ́ lòun fi í sílẹ̀? Ó kọ ọ́ sáàárín, sí àyè ìkẹrìnlá tó ti fò sílẹ̀. Táíwò sì pọ̀ n'Ìkirè àti Àpòmù, kò fẹ́ kí àdúrà ṣìnà. Ló bá kún un báyìí: Táíwò ọmọ Ẹfúnkẹ́, Àpòmù, awakọ̀ máíkírà Alhaji Ràímì.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀ ìwé. Rilwan, àbúrò rẹ̀ tó ń lọ sí pólì, ń fa igbó lẹ́yìn ilé wọn, òórùn rẹ̀ ò fara sin fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Amatullah tún gbé bírò. Ìyá rẹ̀ yọjú láti ìdí agbada.

"Kí lò ń kọ látàárọ̀?"

"Orúkọ àdúrà ni, Màámi. Mo fẹ́ fi Rilwan kún un."

"Rilwan ọmọ ta?"

"Ọmọ yín."

Hàmdálàt gbé ajọ̀ epo sílẹ̀. "Amatullah, tìẹ ti dé. Kí wọ́n máa pè mí ní ìyá amugbó? Mo máa gbàdúrà fún ọmọ mi nínú yàrá mi."

"Wọn ò ní ṣí i, Màámi. Wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ pa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lẹ ti àwọn yòókù pa. Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Amatullah fi ìlà tó kù náà sílẹ̀ lófìfo. Ìwé tí kò dáa fún ìyá tirẹ̀, ó fi ìyá Táíwò sínú rẹ̀. Ó sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà, pé àyà òun já nígbà tí òun ń lẹ àpòòwé, òun sì fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ náà ni.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, pápá kún. Wọ́n yá àga, wọ́n ta kánọ́pì, gbohùngbohùn mẹ́rin ni wọ́n gbé sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ìyá pọ̀ ju ọ̀dọ́ lọ. Ìyá Ìbejì wá láti Àpòmù, ó jókòó ní ìlà kejì, ó wọ léèsì tó fi ń lọ òde. Táíwò ló gbé e wá, tó já a sílẹ̀, tó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Amatullah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń pín omi inú ọ̀rá.

Bàbá tó ń darí àdúrà gbé àpòòwé sókè. Ó mì í. Ó ní, "Ẹrù ńlá ló wà nínú ibí yìí, ẹ̀yin ìyá. Ṣé ká gbàdúrà fún ìwé ni, àbí fún ọmọ?"

Gbogbo pápá ní, "Fún ọmọ!"

"Ká máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ṣe àmín sí i!"

Ó fa àpòòwé ya, ó na ìwé sí ẹni tó mú máíkì. Amatullah dìde, ó wo Boaz. Boaz náà ti dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó.

Wọ́n ń pè é, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Ní orúkọ kẹta, ìyá kan bú sẹ́kún lẹ́yìn. Ní ìkeje, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbi táwọn ọ̀dọ́ tò sí, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ìyá Ìbejì ò wo ẹ̀yìn. Ó di ojú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, òun ni àmín rẹ̀ ń ròkè jù ní ìlà kejì. Ó ti ṣe mẹ́tàlá. Ìkẹrìnlá dé:

"Táíwò, ọmọ Ẹfúnkẹ́! Àpòmù! Awakọ̀ máíkírà Alhaji Ràímì!"

"Àmín!" ni Ìyá Ìbejì ní.

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ohun tó ṣe àmín sí. Ó la ojú. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu. Àwọn tó jókòó tì í ń wò ó, àwọn tó ti ń pè é ní Ìyá Ìbejì láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó dìde, ó ká gèlè rẹ̀, ó gba àárín àga kọjá. Nígbà tó dé ibi tí Amatullah dúró sí, kò mọ̀ pé òun ló kọ ọ́. Ó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló fún wọn lórúkọ mi?" ó ní, bí ẹni ń bi ara rẹ̀. Ó mu omi náà, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, kí oòrùn tó yọ tán, Alhaji Ràímì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ìyá Ìbejì.

"Táíwò, kọ́kọ́rọ́."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Wọ́n fi orúkọ mi kún un. Ọkọ̀ mi ló ń gbé ẹni tó ń lo oògùn olóró kiri títì, gbogbo Ìkirè ló gbọ́. Tó o bá fi pa èèyàn lọ́la, ọwọ́ ta ni wọ́n ti máa béèrè rẹ̀?"

"Mo ti ń fi í sílẹ̀, sà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló sì kù nínú owó yín. Mo ti san mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mi ò fo ọ̀kan."

"O ò fo ọ̀kan, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí la sọ níwájú àgbà mẹ́ta? Títí náírà tó gbẹ̀yìn, ta ló ni ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá, ọmọ mi. Mi ò bá ọ jà."

Kò bá a jà lóòótọ́. Ó tiẹ̀ fún un ní owó oúnjẹ. Ó wakọ̀ náà lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Táíwò wá sí àtíbàbà. Ó gun ọ̀kadà wá, ó dúró sójú títì, kò wọlé.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bùọ̀dá Táíwò. Wọ́n ní wọn ò ní ṣí i."

"Orúkọ ìyá mi náà?"

Amatullah fi ìdí agbada sílẹ̀. Ó di orí mú.

"O mọ Tọ́sìdeè tó kọjá?" Táíwò ní. Ohùn rẹ̀ ò le. "Tọ́sìdeè, n ò lo nǹkan kan. Fúráìdeè, n ò lo nǹkan kan. O rò pé mo gbàgbé láti na ọwọ́ síta ni? N ò gbàgbé. Kò sí ìka tí mo fẹ́ nà ni. Mo ní kó pé ọjọ́ mẹ́ta, kí n wá fẹnu sọ ọ́ fún ọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ kẹta ni Sátidé."

Ó kọjá sódìkejì títì. Láti ọjọ́ náà, kò bá Amatullah sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e, kò gùn. Táíwò di ẹni tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn ní gáréèjì Àpòmù. Ìdí igbá paraga ò jìnnà sí ibi tó máa ń dúró. Kó tó di ọdún tuntun, ó ti ń mu ife mẹ́ta kó tó jẹun àárọ̀. Wóró tó fi sílẹ̀ náà padà, kò sì sẹ́ni tó mọ iye rẹ̀ mọ́, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún.

Nínú oṣù kìíní, Amatullah kó owó àjọ rẹ̀ jọ, ó lọ bá Alhaji Ràímì. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun máa san ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tó kù, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ọkọ̀ padà fún Táíwò.

"Owó kọ́ lọ̀rọ̀, ọmọ mi," Alhaji ní. "Ká tiẹ̀ ní owó ni, mo ti tà á. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá. Ẹnìkan ní Asejire ló rà á."

Amatullah gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Boaz. Ó bá a níbi tó ti ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà.

"Ó dùn mí, Amatullah, má rò pé kò dùn mí," Boaz ní. "Ṣùgbọ́n ọkàn wa mọ́. Àwọn tó kọ́ wa ní ká kọ ìròyìn ránṣẹ́. Wò ó: 'A mú ọ̀dọ́ mọ́kàndínlógún wá sínú ètò.' Inú wọn dùn sí i gan-an."

"Nínú àwọn mọ́kàndínlógún, ta ló wá sínú ètò?"

Boaz wo ojú kọ̀ǹpútà. "Akọ̀wé, ìwọ lo kọ ọ́ sílẹ̀ náà."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ló kẹ́yìn. Ó bá a nídìí agbada gaàrí, èéfín bò ó. Amatullah kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: dòdò, ìka, àdúrà, àpòòwé. Ìyá náà ń yan gaàrí rẹ̀ lọ, kò dá a dúró. Ìgbà tó sọ tán ló gbé ìgbálẹ̀ ìyangaàrí sílẹ̀.

"Ìwọ lo fún mi lómi lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun fún omi." Ó nu ojú. "Táíwò sọ fún mi pé ẹnìkan ń bá òun kà á. Mo rò pé dókítà ni. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ó tún gbé ìgbálẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lẹ́yìn ilé yín n'Ìkirè. Tá a bá lọ kí i nírọ̀lẹ́, igbó Rilwan ni kì í jẹ́ ká lè jókòó síta. Orúkọ mọ́kàndínlógún. Ṣé Rilwan ò ní ìyá ni?"

Amatullah wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde," Ìyá Ìbejì ní. "Iná ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n má tún wá síbí mọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2025, ni Táíwò ìbá san owó tó gbẹ̀yìn. Amatullah ti fi ìka ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Sátidé, ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó wọ híjáàbù, ó lọ bá ìyá rẹ̀.

"Màámi, mo fẹ́ lo orúkọ yín lónìí."

"Níbo?"

"Ní gáréèjì Àpòmù. Nínú gbohùngbohùn."

Hàmdálàt kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ìgbà tó wo ojú rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe eré. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyá Ìbejì náà ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Tó o bá ṣe é, má bá mi ta dòdò mọ́."

"Mo gbọ́, mà."

Àlàbá ni ọkùnrin tó máa ń gbé gbohùngbohùn sórí ọ̀kadà rẹ̀, tó ń polówó oògùn eku káàkiri gáréèjì. Amatullah bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní máíkì fún ìṣẹ́jú méjì.

"Kí lo fẹ́ polówó?" Àlàbá ní. "Bátìrì mi ń lọ o. Ṣé ọkọ lò ń wá ni? Tó bá jẹ́ ọkọ ni, èmi wà ńlẹ̀, má wulẹ̀ dà wọ́n láàmú."

Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín. Ó gbé máíkì fún un. Ibi tí Táíwò jókòó sí ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, lórí táyà nídìí paraga, ife lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pupa.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará gáréèjì," Amatullah ní. Ohùn rẹ̀ dún ju bó ṣe rò lọ, ó fẹ́ jù ú sílẹ̀. "Èmi ni mo kọ orúkọ mọ́kàndínlógún tí wọ́n kà ní pápá Ìkirè lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá."

"Gbé ohùn sókè!" Táíwò ní láti orí táyà. Kò tíì dá a mọ̀. "A ò gbọ́, ìyàwó!"

"Ẹnìkan nínú wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ tirẹ̀ fún mi. Ó ń fi í sílẹ̀ ni. Márùn-ún lójúmọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ di òfo, kò sí ẹni tó bá a ṣe é, àfi èmi tí mò ń kà á. Wọ́n ní kí n má sọ. Mo sọ. Mo dárúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ kan sì wà nílé tiwa tó yẹ kó wà nínú ìwé yẹn, mo fi í pamọ́. Bí wọ́n ṣe pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ pè mí bẹ́ẹ̀: Amatullah, ọmọ Hàmdálàt. Ìkirè. Onídòdò."

Ẹnìkan láàárín àwọn ọlọ́kadà ló ní, "Àmín," ni ẹ̀rín bá bú. Táíwò náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń rín lọ́wọ́ tó fi wá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó wo ojú Amatullah. Lẹ́yìn náà ó yí ara padà lórí táyà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó na ife sí ìyá alágbo pé kó bu òmíràn.

Àlàbá gba máíkì rẹ̀. Oògùn eku tún ń dún káàkiri.

Nínú orúkọ mọ́kàndínlógún, ọ̀kan ni Amatullah san padà, ó fi ti ara rẹ̀ san án, pẹ̀lú ti ìyá tó bí i: Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́.